Nígbà Tí Káńsù Wá Yẹ Atẹ́gùn Wò ní Gáréèjì

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo bá ní kó dìde tó ń dìde… ẹ má rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tiyín náà ń bọ̀. Nígbà yẹn, Ayétòrò yìí kò rí báyìí. Ẹ jókòó. Kúdí, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi dáadáa, kó má lọ jẹ́ pé ohùn adìẹ nìkan ni yóò gbà sílẹ̀. Kí ló ń dún lóde yẹn? Ọkọ̀ ẹ ni, Músílíù? O ò pa á? Ó ní éyà-kọ́ńdíṣọ̀n ni, kí inú ọkọ̀ má bàa gbóná kí ó tó padà wọ̀ ọ́. Ó dáa. Jókòó ná.

Ẹ ní kí n sọ bí ọkọ̀ ṣe rí láyé ijọ́un. Láyé ijọ́un, kò sí Márúwá. Ọ̀kadà kò tíì gba ìgboro. Takisí ló wà, kò sì pọ̀, gbogbo wọn la fi orúkọ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ní orúkọ! Píjò ni ti Bàbá Rìsí, ọkọ mi, bàbá tó bí ìyá yín. Gbémidélé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ìlaròó ló ń ná, bí èrò Ìlaròó ò bá yá, á ya Ìmàṣàyí.

Ẹ gbọ́, ó yẹ kí n máa sọ pé "wọ́n" bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ mi. Mo mọ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wí pé "wọ́n, wọ́n", ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ mi ni mò ń sọ tàbí gbogbo dẹ́rẹ́bà inú gáréèjì. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní "ó" lónìí. Bí inú bá bí i lọ́hùn-ún, bí mo bá dé ibẹ̀ a ó parí ẹ̀. Kí Ọlọ́run fi Alùjánńà kẹ́ ẹ.

Ilé yìí náà ni a ń gbé. Yàrá tí ọmọ Músílíù ń sùn sí nísinsìnyí yìí, ibẹ̀ ni èmi àti Rìsí ń sùn. Ìyá yín tí ẹ̀ ń wò tó ń pariwo nílé ìdáná yẹn, nígbà yẹn kò tíì ju ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé adìẹ lọ. Fèrèsé yàrá yẹn ló kọjú sí ibi tí Gbémidélé ń sùn. Ibi tí Músílíù gbé ọkọ̀ sí gan-an.

Rìsí ní ikọ́ fée. Ẹ mọ̀ ọ́n? Àyà ọmọ á máa dún: fée, fée. Èémí á wọlé, kò ní fẹ́ jáde. Ọrùn á máa wọlé, èjìká á máa gòkè. Ìwọ ìyá á gbé e lé itan, o ò ní mọ ohun tí o lè ṣe ju kó o máa pe Ọlọ́run. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "Òtútù ilẹ̀ ni. Fi òrí pa á láyà." Mo fi òrí pa á títí ọmọ fi ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja. Kò gbọ́. Ẹlòmíràn ní ọyẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti kọjá. Ẹnìkan tiẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n wo ìdílé ọkọ mi dáadáa. Mo wò wọ́n. Mi ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi ẹnu.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Alaalẹ́ ni mò ń lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rù pé ilẹ̀ á mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, ṣé ẹ rò pé ẹ ó kàn wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ máa lọ ni? Rárá o! Wọ́n á wọ́ọ̀mù ẹ̀. Bí Bàbá Rìsí bá ti kírun àsúbàá tán, á ti pákò bọ ẹnu, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tan ọkọ̀, á wá máa tẹ̀ ẹ́: fùù… fùù… Á máa run pákò, á máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ wáàsí. Bí ó bá run pákò tán, ọkọ̀ ti gbóná. Dẹ́rẹ́bà tí kò bá wọ́ọ̀mù ọkọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ló bí gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Owó ọkọ̀ ò lórí, kò nídìí nígbà yẹn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, owó á gòkè. Bí ó bá di ọjọ́ ọjà, owó á gòkè. Bí dẹ́rẹ́bà bá bá ìyàwó ẹ̀ jà nílé, owó á gòkè! Èmi náà, èrò ni mí. Láfún ni mò ń ṣe, Ìlaròó ni mo ti ń tà á, ọkọ̀ tó bá kàn lórí ìlà ni mò ń wọ̀. Kódà ọjọ́ tó bá jẹ́ Gbémidélé ló kàn, mò ń sanwó. Ẹ ò gbọ́? Mò ń sanwó fún ọkọ mi! Mo ní, "Bàbá Rìsí, èmi yìí?" Ó ní, "Ìyá Rìsí, inú ilé ni mo ti fẹ́ ọ, kì í ṣe gáréèjì."

Àwa èrò bá fẹjọ́ sun káńsù. Káńsù pe ìpàdé, wọ́n ní iye báyìí ni láti Ayétòrò dé Ìlaròó, iye báyìí ni dé Ìmàṣàyí, òjò ni o, ọjọ́ ọjà ni o. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, wọ́n kàn án mọ́ ẹnu gáréèjì. Inú wa dùn. Àwa obìnrin jó. Mo jó dé ẹnu ọ̀nà ilé yìí, ìgbà tí mo rí ojú ọkọ mi ni mo tó dákẹ́ ijó. Ó ní, "Ẹ ti ṣe é. Owó tí ẹ ní ká máa gbà yìí, ó gbé epo. Kò gbé ọ́ìlì."

Mo rò pé ìbínú ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àṣé òótọ́ ló sọ. Kò pẹ́, àwọn dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ́ìlì àlòkù, èyí tí mẹkáníìkì dà jáde nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, tó yẹ kó dà nù. Ríìnì, òrùka irin inú ẹ́ńjìnnì, bó bá ti jẹ, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín. Gbémidélé ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bí ó bá ń lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí ọkọ̀, èéfín tó ń rìn ni yóò rí.

Ẹ wá wo láfún wa. Etí títì la máa ń sá a sí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí oòrùn ti mú. Láfún tí kò bá funfun, ta ni yóò rà á? Mo gbé láfún dé Ìlaròó lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi tọwọ́ bọ àpò, ó bu díẹ̀, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Rìsí, ẹ̀lúbọ́ iṣu lo gbé wá lónìí?" Ẹ̀lúbọ́ iṣu! Èmi! Láfún mi tí wọ́n ń fi júwe ilé mi! Ojú tì mí débi tí mi ò lè fi lọ ẹlòmíràn mọ́.

Kì í ṣe èmi nìkan. Nígbà tó yá, àwa obìnrin bu láfún wa sínú igbá, ó di ọ̀dọ̀ Alága káńsù. A gbé e ka iwájú ẹ̀. Àgbà kan nínú wa ní, "Alága, ẹ dákun, ẹ tọ́ ọ wò." Alága tọ́ ọ wò. Ó fa ojú ro. Ó ní, "Ó ń rùn bí ẹ̀yìn ọkọ̀." A ní, "Ẹ ṣeun. Ohun tí a bá wá nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni òfin kejì ṣe dé. Káńsù gbé ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lórí jáde, ó ń yí ìlú ká. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà létí mi: "Gbogbo ẹ̀yin onítakisí! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, káńsù ń bọ̀ wá yẹ atẹ́gùn wò ní gáréèjì! Ọkọ̀ tí atẹ́gùn ẹ̀ ò bá dára, kò ní kó èrò!"

Atẹ́gùn! Ẹ gbọ́, kí ni atẹ́gùn lẹ́nu dẹ́rẹ́bà? Táyà ni! Dẹ́rẹ́bà tó bá ní "Fún mi ní atẹ́gùn", ọ̀dọ̀ fọgaláísà ló wà. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, fọgaláísà tó wà lẹ́bàá gáréèjì ò rí àyè jẹun. Gbogbo takisí tò sọ́dọ̀ ẹ̀. Kálukú ń sọ pé, "Fi sí i, káńsù ń bọ̀. Tún fi sí i." Bàbá Rìsí fẹ́ táyà Gbémidélé títí ọkọ̀ fi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ ń tọ kúṣọ́kúṣọ́ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ ta á, ó ní, "Kí káńsù máa bọ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wà ní gáréèjì. Àpò láfún wà lẹ́sẹ̀ mi. Ta ni a rí? Wolé-wolé. Ẹ̀yin ò mọ wolé-wolé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, àwọn tó ń wọ ilé onílé, tí wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ lójú pópó, àwa obìnrin á ti máa da omi nù. Èyí tí wọ́n rán wá yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ kakí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà kan kígbe pé, "Wolé-wolé, ọ̀nà ilé kọ́ nìyí o! Àbí ẹ ti di wọkọ̀-wọkọ̀?" Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn dẹ́rẹ́bà tò, kálukú dúró ti táyà ẹ̀. "Ẹ fọwọ́ kàn án, sà! Ó le kankan!" Wolé-wolé ò tiẹ̀ bojú wo táyà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló gbà lọ. Ó fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nà án sí ẹnu sàìléńsà, níbi tí èéfín ti ń jáde. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó ṣe ti àkọ́kọ́, ó pọ́n ráńdánráńdán. Ó yọ òmíràn, ó ṣe ti èkejì. Nígbà tó kan Gbémidélé, Bàbá Rìsí tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi… áńkáṣíìfù yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Wolé-wolé gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ wò ó." Bàbá Rìsí wò ó. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan táyà ná."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Ọkọ mi ni.

Wolé-wolé fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sí gíláàsì iwájú Gbémidélé. Ọkọ̀ tó bá ti gba àmì yẹn, kò gbọdọ̀ kó èrò ní gáréèjì mọ́, àfi bí wọ́n bá tún un ṣe tí áńkáṣíìfù sì jáde ní funfun. Bàbá Rìsí wa ọkọ̀ wálé lófìfo. Ó gbé e sábẹ́ fèrèsé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Kí ni a ó jẹ? Láfún mi ti dúdú, ọkọ̀ ẹ̀ ti dúró. Ẹ̀yin obìnrin ibí, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tí kò ríbi lọ. Ọbẹ̀ ní iyọ̀ jù. Ọbẹ̀ ò níyọ̀. Ta ló gbé àga yìí síbí? Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e síbẹ̀.

Bí a ṣe wà nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo jókòó lórí ẹní, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan sọ nù nínú ilé. Mo tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan. Mo bojú wo Rìsí. Ó ń sùn. Ẹnu ẹ̀ là díẹ̀, èémí ń wọlé, èémí ń jáde, kò dún fée. Mo ní, hàà. Àná ńkọ́? Àná náà, kò wúkọ́. Ìjẹta ńkọ́? Ìgbà wo gan-an ló wúkọ́ kẹ́yìn? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ọ̀mù Gbémidélé kẹ́yìn ni.

Mo dìde lórí ẹní.

Mo lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá Rìsí, ẹ gbọ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ yín ti dákẹ́, ikọ́ ọmọ yìí ti dákẹ́." Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ ń dàgbà ni, ikọ́ ń fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ́ ọ, òun lo fẹ́ sọ di àjẹ́?" Ìyá ẹ̀ náà dá sí i láti inú yàrá, ó ní òrí tí òun ní kí n fi pa á ló ṣe é. Èmi tí ẹ mọ̀ yìí, mo dìde, mo lọ gbá àgbàlá.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ sódì. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ojú ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ni ọwọ́ ẹ̀, òun ni ẹsẹ̀ ẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ohun tí òun fi ń wá oúnjẹ ọmọ lòun fi ń pa ọmọ?

Nígbà tó yá, ó ní òun ò lè jókòó mọ́. Ó ní bí gáréèjì bá kọ òun, òun á máa ṣe kàbùkàbù lọ́nà Ìmẹ̀kọ, láàárín oko, títí dé ẹ̀bá bọ́dà níbi tí wọ́n ti ń pe epo ní ẹ̀sáńsì. Ó ní wolé-wolé kankan ò sí lọ́nà ibẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó kírun tán, ó ki pákò bọnu, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, ó kọ́kọ́ kọ̀, ó tún kọ̀, ó wá gbà. Fùù! Èéfín gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ti fi aṣọ dí ojú fèrèsé láti alẹ́, ibo ni aṣọ lè dá èéfín dúró dé? Rìsí jí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó di fée. Ó di kí ọmọ máa na ọwọ́ sí mi, ètè ẹ̀ ń yí padà. Mo pariwo. "Bàbá Rìsí! Ẹ pa á!" Kò gbọ́. Báwo ni yóò ṣe gbọ́? Orí ẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ń ké. Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọjọ́ tí ikọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yìí ò gbọ́ ọ rí! Ìgbà tí ọmọ bá ń wúkọ́, ọkọ̀ ló ń gbọ́. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, òun náà ti lọ.

Mo gbé ọmọ kọ́ èjìká, mo jáde. Mi ò bá a jà. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo nawọ́ sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo pa á. Èèwọ̀! Obìnrin wo ló ń fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ọkọ ẹ̀ láyé ìgbà yẹn? Ó gbé orí sókè, pákò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ gbọ́."

Ilé dákẹ́. Òde dákẹ́. Fée… fée… fée.

Pákò bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ kó lè fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ ẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ. Kò tan án. Ó sáré lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa tó ní alùpùpù, òun ló gbé èmi àti ọmọ. Bàbá Rìsí ń fẹsẹ̀ sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹsẹ̀ lásán. Dẹ́rẹ́bà Gbémidélé ń fẹsẹ̀ sáré la ìlú já.

Nọ́ọ̀sì fi nǹkan bo imú Rìsí, wọ́n fún un lóògùn, ojú ẹ̀ rọra ń padà sípò. Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí wa. Ó ní, "Èéfín wo ló wà nílé yín?" Bàbá Rìsí ló dáhùn, kò sì dárúkọ ọkọ̀. Ó ní, "Èmi ni."

Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé mi ò rí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni káńsù tún pe ìpàdé, torí àwọn dẹ́rẹ́bà ní àwọn ò lè tún ọkọ̀ ṣe pẹ̀lú owó orí pátákó. Gbọ̀ngàn kún. Dẹ́rẹ́bà jókòó lápá kan, àwa èrò jókòó lápá kejì. Dẹ́rẹ́bà ní ẹ fi owó kún un. Èrò ní a ò fi kọ́bọ̀ kún un. Ariwo ta. Alága ń lu tábìlì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo bá dìde. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé mo fẹ́ gbè wọ́n. Mo ní, "Èrò ni mí. Ìyàwó dẹ́rẹ́bà ni mí. Mo tún ń ṣe láfún. Alága, ẹ sọ apá ibi tí ó yẹ kí n jókòó sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ariwo rọ̀.

Mo ní, "Nígbà tí ẹ kọ owó ọkọ̀ sí pátákó, mo jó. Mo rò pé mo ti rí owó fi pa mọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan nínú ilé mi ló ń san ìyókù. Ọmọ mi ló ń san án. Àyà ẹ̀ ló fi ń san án. Láfún wa dúdú, a gbé e wá síbí, ẹ rí i. Inú àyà ọmọ, ta ló lè gbé e wá kẹ́ ẹ wò ó?" Mo kọjú sí àwọn dẹ́rẹ́bà. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá fi kún un tí ẹ ò bá tún ọkọ̀ ṣe, kí wolé-wolé máa fi áńkáṣíìfù yẹn nù yín lójú."

Wọ́n fi díẹ̀ kún un. Wọ́n ní ọkọ̀ tí áńkáṣíìfù ẹ̀ bá funfun nìkan ni yóò kó èrò. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò bá tíì kàn lórí ìlà, kó pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Àwọn obìnrin kan ò kí mi fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní mo ta àwọn. Ìgbà tí láfún wọn padà funfun, wọ́n kí mi.

Bí a ṣe ṣe é tí Gbémidélé fi rí ríìnì tuntun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. A ṣe é. Wolé-wolé padà wá, ó na áńkáṣíìfù, ó jáde bí láfún mi. Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lójú gíláàsì. Ó wá wo Bàbá Rìsí, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, táyà ńkọ́?" Gbogbo gáréèjì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára, "Ẹ-fọwọ́-kan-táyà", títí ó fi darúgbó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ ti sàn o. Kò tú èéfín mọ́. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Rìsí ò tan ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé yẹn mọ́. Bí ó bá kírun àsúbàá tán, á fi jíà sílẹ̀, á fi èjìká ti ọkọ̀, á máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdí igi odán tó wà lópin àdúgbò. Ibẹ̀ ni yóò ti tan án. Nínú òjò. Nínú ọyẹ́. Àwọn èèyàn á ní, "Làmídì, bátìrì ẹ ti kú ni?" Á ní, "Bátìrì wà. Ọmọ ń sùn ni."

Rìsí dàgbà. Ikọ́ náà ò lọ tán, ṣùgbọ́n ó dàgbà, ohun tí mo bẹ Ọlọ́run nìyẹn. Ó lọ ilé ọkọ. Ọkùnrin yìí ṣì ń ti ọkọ̀! Irun ẹ̀ ti funfun, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, mò ń wò ó bó ṣe ń mí gúlegúle. Mo ní, "Bàbá Rìsí, Rìsí ti lọ ilé ọkọ. Ta lẹ ní ó ń sùn?" Ó dúró, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ìwọ kì í sùn ni?"

Hùn… ọkùnrin yẹn.

Lónìí ńkọ́? Ẹnu ọlọ́kadà ni pátákó owó ọkọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú báyìí, ẹ lọ bi í níye tó ń gbé èèyàn dé ọjà. Márúwá ń tú èéfín sójú ọmọ tó ń lọ ilé ìwé. Tírélà ń kọjá, a ò rí ara wa fún eruku. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé yìí á dáhùn, ti ilé kejì á gbè é, gbogbo wa á sùn sáàárín wọn. Wolé-wolé dà? Bóyá wọ́n ṣì wà, ojú mi ni kò rí wọn. Bí ẹ bá sọ fún ẹnìkan lónìí pé kó pa nǹkan, á ní owó òun lòun fi rà á. Ta ló ní kì í ṣe owó ẹ̀? Bàbá Rìsí náà, owó ẹ̀ ló fi ra Gbémidélé.

Músílíù. Ta ló ń sùn nínú yàrá yẹn?

Ọmọ ẹ ni, àbí? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fetí sí ọkọ̀ yẹn. Mo ní kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Mi ò ní kó o tì í o. Èjìká ẹ ò lè ṣe é, mo mọ irú oúnjẹ tí ẹ̀ ń jẹ. Ṣá lọ pa á.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ jókòó. Kúdí, má pa fóònù yẹn.

Músílíù ti pa ọkọ̀ ẹ̀.

Ẹ gbọ́…

Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, àbí? Ohun tí bàbá ìyá yín ń ti ọkọ̀ kiri fún nìyẹn.